Igi Wó Lu Igi: Ìtàn Ìpalára Agégi àti Òfin Gbà-má-bìínú, Láti Òkè Ọbà ní Ìwó

Igbó ọba Òkè Ọbà tí ó wà ní agbègbè Ìwó, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, kì í ṣe igbó ńlá. Gbogbo rẹ̀ kò ju nǹkan bíi kìlómítà 52 níbùú lóròó lọ. Ilẹ̀ ibẹ̀ jẹ́ olókè, àwọn àfonífojì jíjìn sì gba inú rẹ̀ kọjá. Orúkọ rẹ̀ bá ti odò Ọbà mu, odò tí Yorùbá mọ̀ sí aya Ṣàngó. Púpọ̀ nínú igbó àdáyébá tí ó wà níbẹ̀ rí ti lọ. Tíìkì, igi àjèjì tí ìjọba kó wọ ilẹ̀ wa, ni a gbìn rọ́pò rẹ̀. Bí a bá ń sọ̀rọ̀ irú igbó bẹ́ẹ̀, igi tí ó pàdánù ni a sábà máa ń sọ. Ẹ̀ka igbó a máa ka igi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí pé igi ni ó ń mú owó wọ àpò ìjọba. Ẹni tí igi wó lù kì í mú nǹkan kan wọlé. Ìdí nìyí tí ìtàn igbó fi kún fún orúkọ igi, tí orúkọ agégi sì ṣọ̀wọ́n níbẹ̀, tí ìbéèrè kan sì fi wà nílẹ̀ láti ìgbà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì títí di òní: bí igi bá ṣẹ́ ènìyàn lẹ́sẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, ta ni yóò bọ́ ilé rẹ̀?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí igi bá wó lu igi, tòkè ni à ń kọ́kọ́ gbé. Lónìí, ẹni tí ó bá pa òwe yìí ń sọ pé ọ̀rọ̀ tí ó kan gbọ̀ngbọ̀n ni kí a kọ́kọ́ yanjú. Ṣùgbọ́n kí ó tó di òwe, iṣẹ́ ni. Agégi mọ̀ pé kò sí ohun tí ó burú nínú iṣẹ́ òun tó igi tí a gé tí kò délẹ̀, tí ó fẹ̀yìn ti òmíràn. Ìwọ̀n rẹ̀ ṣì wà lókè, ara rẹ̀ ti tẹ̀ bí ọrun, kò sì sí ẹni tí ó lè fọwọ́ sọ̀yà pé apá báyìí ni yóò gbà já. Ìwé ìlànà ààbò nínú iṣẹ́ igbó tí Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé tí à ń pè ní ILO tẹ̀ jáde ní ọdún 1998 ka irú igi bẹ́ẹ̀ mọ́ ewu tí kò gbọ́dọ̀ sí ẹni tí yóò ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Wọn kò sì gbà kí a gé igi tí ó gbé e dúró. Òwe àti ìwé fẹnu kò lórí ètò náà: tòkè ni yóò kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀. Àwọn tí ó kọ́kọ́ pa òwe náà kò kà á nínú ìwé; ó ní láti jẹ́ pé ojú wọn ti rí i.

Àáké, ètùtù àti ẹbí

Kí Gẹ̀ẹ́sì tó dé, àáké, àdá àti iná ni ohun èlò igi gígé. Àgbẹ̀ tí ó ń ṣán igbó kì í sábà gé àwọn igi ńlá. A máa ń dáná sí ìdí wọn títí wọn yóò fi kú lóòró, tàbí kí a fi wọ́n sílẹ̀ láàárín oko. Igi tí ó kú lóòró náà ní ewu tirẹ̀, nítorí ẹ̀ka gbígbẹ lè já láìsí afẹ́fẹ́. Àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ń wá ọ̀mọ̀ fún ìlù àti ìrókò fún ilẹ̀kùn. Ní ti akọpẹ àti ẹlẹ́mu, igbà ni wọ́n ń fi gun ọ̀pẹ, ẹ̀mí wọn sì wà lọ́wọ́ okùn kan ṣoṣo. Bí a bá ń wá ìpalára ẹnu iṣẹ́ tí ó ti pẹ́ jù lọ ní ilẹ̀ Yorùbá, ìdí ọ̀pẹ ni kí a kọ́kọ́ wò, kì í ṣe ìdí ìrókò.

Ìrókò ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Igi Olúwéré ni, a kì í sì í dìde lójú oorun kí a gbé àáké tọ̀ ọ́. A ó ṣe ètùtù, a ó sì bi àwọn àgbà. Púpọ̀ nínú àwọn òyìnbó tí ó kọ̀wé nípa igbó wa rí èyí gẹ́gẹ́ bí ìgbàgbọ́ asán tí ń dí iṣẹ́ lọ́wọ́. Ó yẹ kí a wò ó láti ìhà mìíràn pẹ̀lú. A kò sọ pé ètùtù ń dá igi dúró kí ó má wó. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí a kò lè bẹ̀rẹ̀ ní kánjúkánjú, tí ẹnì kan kò lè dá lọ ṣe, tí àgbà kan ní láti wo igi náà kí a tó fi irin kàn án, iṣẹ́ tí ó ti ní ààbò díẹ̀ nínú ni. Nígbà tí ìwé àṣẹ ìjọba gba ipò ètùtù, ohun tí a bi ẹni tí ó ń bọ̀ wá gé igi ni bóyá ó ti sanwó. A kò bi í bóyá igi náà ní ihò nínú.

Irin jẹ́ ti Ògún, ẹ̀jẹ̀ tí irin bá ta sílẹ̀ sì ti Ògún ni. Ìdí nìyí tí àwọn alágbẹ̀dẹ, àwọn awakọ̀ àti àwọn oníṣẹ́ sọ́ọ̀mìlì fi ń bọ Ògún lọ́dọọdún ní ọ̀pọ̀ ìlú, tí àwọn Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì inú wọn sì ń gba àdúrà ní ìlànà tiwọn. Ìgbàgbọ́ yìí ní ojú méjì. Ó ń kọ́ ọmọ iṣẹ́ láti bẹ̀rù irin, èyí sì dára. Ṣùgbọ́n bí a bá ti lè sọ pé Ògún ni ó jà, ó rọrùn fún ẹni tí ó ni ayùn tí ó ti kú láti fọwọ́ lẹ́rán.

Ta ni ó ń ru àdánù nígbà náà? Ó sinmi lórí irú iṣẹ́ tí ó jẹ́. Nínú àáró, àwọn ọ̀rẹ́ a máa ṣiṣẹ́ lóko ara wọn ní títẹ̀léra, nítorí náà ẹni tí àdá bá ṣá lẹ́sẹ̀ fara pa láàárín àwọn tí ó jẹ ẹ́ ní iṣẹ́. Wọ́n mọ ilé rẹ̀, wọ́n sì mọ oko rẹ̀. Ti ìwọ̀fà yàtọ̀ pátápátá. Ìwọ̀fà ń ṣiṣẹ́ fún olówó nítorí gbèsè, iṣẹ́ rẹ̀ sì dúró gẹ́gẹ́ bí èlé. Bí àìsàn tàbí ikú bá mú un, gbèsè kò kú. Ẹbí rẹ̀ ni yóò fi ẹlòmíràn rọ́pò tàbí kí wọ́n san owó náà. Àwọn tí ó ń sọ pé ìfẹ́ ẹbí ni ó ń bo gbogbo òṣìṣẹ́ mọ́lẹ̀ láyé àtijọ́ kò gbọdọ̀ gbàgbé ìwọ̀fà. Ẹbí ń bo ènìyàn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìgbà mìíràn wà tí ó jẹ́ pé olówó ni ẹbí ń bo.

Ọdún 1897

Rọ́bà ni ó mú ẹ̀ka igbó wá. Ní nǹkan bí ọdún 1895, àwọn ènìyàn ya wọ igbó láti fa oje igi irẹ́, rọ́bà tí a kó gba Èkó jáde lọ́dún náà sì ju mílíọ̀nù márùn-ún pọ́n-ùn ní ìwọ̀n lọ. Igi irẹ́ kú lọ bẹẹrẹ. Ìjọba Èkó sì dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ ní ọdún 1897 láti máa bójú tó igbó, Cyril Punch sì wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ bá a ṣiṣẹ́. Ní 1899 ni a ya igbó Olókèméjì sọ́tọ̀. Ní 1903, H. N. Thompson, ẹni tí ó ti ṣiṣẹ́ igbó ní Bọ́mà, di ọ̀gá àgbà ẹ̀ka igbó ní Gúúsù Nàìjíríà. Láti Éṣíà ni tíìkì fúnra rẹ̀ ti wá, láti Bọ́mà sì ni ètò tí wọ́n ń pè ní táúńgíà ti wá pẹ̀lú: a ó gba àgbẹ̀ láàyè láti ṣán igbó ọba, kí ó gbin iṣu tàbí àgbàdo rẹ̀ síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kí ó sì máa tọ́jú àwọn ọ̀dọ́ igi tí ìjọba fẹ́ láàárín oúnjẹ rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún bíi mélòó kan, àgbẹ̀ kúrò, igi dúró.

Ojú irin dé Ìbàdàn ní 1901, ó sì kọjá ní ilẹ̀ Ìwó àti Ẹdẹ dé Òṣogbo ní 1907. Ohun tí ojú irin ń jẹ nínú igi pọ̀, ohun tí ó sì ń gbé lọ sí Èkó pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìrókò, afárá, ìdígbò, òpèpè, àgbá: orúkọ tí àwọn oníṣòwò igi ní Lọ́ńdọ̀nù ń pè wọ́n títí di òní nìyí. Ó ṣọ̀wọ́n kí èdè wa rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀ láìsí ẹni tí ó túmọ̀ rẹ̀.

Ó yẹ kí a wo bí iṣẹ́ náà ṣe rí kí ẹ̀rọ tó dé. Ìdí àwọn igi ńlá a máa yọ jáde bí ògiri, nítorí náà a kì í lè fi àáké gé wọn nílẹ̀. A ó fi igi wẹ́wẹ́ kan àgọ́ yí i ká, ìgbà mìíràn ó lè ga ju ènìyàn méjì lọ, àwọn agégi yóò sì dúró lórí rẹ̀. Nígbà tí igi bá bẹ̀rẹ̀ sí í ké, orí àgọ́ yìí ni wọn yóò ti fò sílẹ̀ kí wọ́n tó lè sá. Àjàrà tí ó so orí igi kan mọ́ òmíràn a sì máa fa ẹ̀ka gbígbẹ bọ́ láti ibi tí ẹnikẹ́ni kò wò. Bí igi bá ti délẹ̀, àwọn lágilági yóò gbẹ́ kòtò, wọn yóò yí ìtì igi sórí rẹ̀, ọ̀kan yóò dúró lókè, èkejì yóò wọ inú kòtò, wọn yóò sì máa fa ayùn gígùn láàárín ara wọn. Ẹni tí ó wà nísàlẹ̀ ni èérún igi ń dà sí lójú láti òwúrọ̀ di alẹ́. Bí ìtì igi bá yẹ̀, orí rẹ̀ ni yóò wá.

Èérún náà kì í ṣe ohun kékeré. Ti ìrókò a máa mú ara yún, a sì máa dá ikọ́ fée sílẹ̀ fún àwọn kan. Ní 1995, àjọ àgbáyé tí ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ ka èérún igi mọ́ ohun tí ó dájú pé ó lè fa jẹjẹrẹ fún ènìyàn, pàápàá ti ihò imú. Lágilági tí ó ti wúkọ́ fún ogún ọdún, taba ni wọ́n ń dá lẹ́bi. Wọn a tún ní òtútù ni.

Ta ni òṣìṣẹ́?

Ọdún 1897 tí Èkó dá ẹ̀ka igbó sílẹ̀ náà ni ilé aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin àkọ́kọ́ wọn lórí owó gbà-má-bìínú fún òṣìṣẹ́ tí ó fara pa. Kí òfin náà tó wà, ẹjọ́ Priestley àti Fowler ti ọdún 1837 ni ó ń darí ọ̀rọ̀. Ọmọ iṣẹ́ alápatà kan ni ó wọ ọkọ̀ tí ẹrù ti pọ̀ jù lórí rẹ̀. Ọkọ̀ náà bàjẹ́, itan ọmọ náà sì ṣẹ́. Ilé ẹjọ́ ní ọ̀gá rẹ̀ kò jẹ̀bi, pé ọmọ iṣẹ́ lè mọ ewu náà tó ọ̀gá rẹ̀, ó sì lómìnira láti kọ̀. Òmìnira láti kọ iṣẹ́! Gbogbo ẹni tí ó bá ti ṣe alágbàṣe rí mọ ibi tí òmìnira yẹn pin sí. Òfin 1897 yí èyí padà: kò sí ìdí fún òṣìṣẹ́ mọ́ láti fi ẹ̀rí hàn pé ọ̀gá ni ó ṣàṣìṣe, ó tó pé ẹnu iṣẹ́ ni ó ti fara pa. Ojú irin, ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ, ibi ìwakùsà àti irú wọn ni ó kọ́kọ́ bò. Ní 1900 ni a fẹ̀ ẹ́ dé ọ̀dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ oko.

Nàìjíríà dúró de ti tirẹ̀ títí di 1941. Ọdún 44 ni èyí jẹ́, nínú èyí tí a fi gé igi ojú irin àti ọ̀gànwó tí a kó lọ sí òkè òkun. Lábẹ́ òfin 1941, ẹ̀yà ara kọ̀ọ̀kan ní iye tirẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún. Àtàǹpàkò ní iye, ojú ní iye, ẹsẹ̀ ní iye. A lè rí èyí bí ohun ìríra, ṣùgbọ́n fún ìgbà àkọ́kọ́, òfin kan ní ilẹ̀ yìí gbà pé ẹsẹ̀ lébírà ní iye.

Ọ̀rọ̀ tí ó dí ọ̀pọ̀ agégi mọ́ ìta kò sí nínú tábìlì ẹ̀yà ara. Inú ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kan ni ó wà. Òfin náà wà fún òṣìṣẹ́, òṣìṣẹ́ sì ni ẹni tí ó wà lábẹ́ àdéhùn iṣẹ́ pẹ̀lú agbanisíṣẹ́. Nínú igbó, bí iṣẹ́ ṣe ń lọ kọ́ nìyẹn. Ẹni tí ó gba ìwé àṣẹ gé igi lọ́wọ́ ìjọba a gbé iṣẹ́ náà fún agbaṣẹ́ṣe. Agbaṣẹ́ṣe a pe olórí ẹgbẹ́ agégi. Olórí ẹgbẹ́ a kó àwọn ọmọ rẹ̀ wá, a sì san owó fún wọn lórí iye ìtì igi tí ó bá délẹ̀. Nígbà tí igi bá wó lu ọ̀kan nínú wọn, olówó ní agbaṣẹ́ṣe ni òun mọ̀, agbaṣẹ́ṣe ní olórí ẹgbẹ́ ni òun bá ṣàdéhùn, olórí ẹgbẹ́ sì lè jẹ́ ẹ̀gbọ́n ẹni tí ó fara pa gan-an. Àgbẹ̀ táúńgíà jìnnà ju èyí lọ. Ó ń ṣán igbó ọba, ó ń sun ún, ó ń gbin igi ọba; ṣùgbọ́n àgbàdo rẹ̀ ni owó iṣẹ́ rẹ̀, àgbàdo kì í sì í fọwọ́ sí ìwé àdéhùn.

Ìdènà kejì jẹ́ ti ìṣègùn. Òfin ń béèrè ìwé dókítà kí ó tó mọ ìwọ̀n ìpalára. Ẹni tí itan rẹ̀ bá ṣẹ́ ní igbó agbègbè Ìwó tàbí Ògbómọ̀ṣọ́, ọ̀dọ̀ oníṣègùn tí ń to eegun ni ẹbí rẹ̀ yóò sábà kọ́kọ́ gbé e lọ, kì í sì í ṣe nítorí àìmọ̀kan. Ẹni tí ń to eegun wà nítòsí, owó rẹ̀ ṣe é san díẹ̀díẹ̀, kì í sì í gé ẹsẹ̀. Ìbẹ̀rù pé ilé ìwòsàn yóò gé ẹsẹ̀ wà níbi gbogbo ní ilẹ̀ Yorùbá, ó sì ní ìdí, nítorí pé ẹsẹ̀ tí ó ti kẹ̀ kí a tó gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà, gígé ni ó sábà máa ń gbẹ̀yìn rẹ̀. Òótọ́ kan náà sì ni pé eegun tí ó yọ síta, tí a dì pinpin mọ́ igi ìtì láìfọ ojú egbò, lè kẹ̀ nítorí dídì náà. Àbájáde rẹ̀ nínú ìwé òfin kò ṣòro láti rí: ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ san lọ́dọ̀ oníṣègùn ìbílẹ̀, tí ó sì ń tiro títí ayé, kò ní bébà kankan tí ó fi hàn pé ó fara pa rí.

Ayùn tí ń fi epo ṣiṣẹ́

Ní 1950 ni ilé iṣẹ́ Stihl ní Jámánì gbé ẹ̀rọ ayùn elépo jáde tí ẹnì kan ṣoṣo lè gbé ṣiṣẹ́. Kò pẹ́ púpọ̀ tí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ fi kúrò lọ́wọ́ àwọn ilé iṣẹ́ ńlá bọ́ sọ́wọ́ ẹni kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ tí àáké ń fi ọjọ́ méjì ṣe di iṣẹ́ wákàtí kan. Ewu rẹ̀ náà yí padà. Bí orí ayùn bá kan igi lójijì, ẹ̀rọ náà yóò ta padà sókè sí ojú tàbí ọrùn ẹni tí ó dì í mú, kí ọwọ́ tó lè ṣe ohunkóhun. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 ni àwọn tí ń ṣe ẹ̀rọ náà fi bíréèkì sí i tí ń dá ẹ̀wọ̀n ayùn dúró ní kíá. Ìgbọ̀nrìrì ẹ̀rọ sì ní àrùn tirẹ̀: ìka a máa funfun, a máa kú tipiri, pàápàá ní àárọ̀ tútù. Láti 1985 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti ka àrùn yìí mọ́ àrùn ẹnu iṣẹ́ tí a ń sanwó fún.

Ní igbó wa, ẹ̀rọ tí ó ti lo ayé rẹ̀ tán níbòmíràn ni ó pọ̀. Bíréèkì rẹ̀ lè ti já. Ẹni tí ó ń tún un ṣe a yọ ọ́ kúrò, a ní kò wúlò. Oníṣẹ́ a wọ bàtà rọ́bà tàbí sálúbàtà, kò ní akoto, kò ní ohun ìdí-etí. Ọ̀pọ̀ kì í kàn gé igi wó nìkan. Inú igbó níbẹ̀ ni wọ́n ti ń là á sí pákó pẹ̀lú ẹ̀rọ kan náà, láìsí ohun tí ó di igi mú, nítorí ó rọrùn láti fi alùpùpù gbé pákó ju láti fi ọkọ̀ gbé ìtì igi lọ. Lójú agégi, gbogbo èyí ní ìṣirò tirẹ̀. Owó tí a fi ra akoto ni owó epo ọjọ́ mélòó kan, pákó ni wọ́n sì ń sanwó fún, wọn kì í sanwó fún ìṣọ́ra. Ẹni tí ó bá sọ pé àìmọ̀kan ni ó ń pa agégi kò tíì wo bí a ṣe ń san owó iṣẹ́ rẹ̀.

Kò yẹ kí a rò pé ọ̀rọ̀ òṣì nìkan ni. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí akoto, ẹ̀rọ tuntun àti òfin wà, àwọn agégi tí ó kú lẹ́nu iṣẹ́ ní 2022 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 101 nínú 100,000 òṣìṣẹ́ wọn, nígbà tí ti gbogbo òṣìṣẹ́ lápapọ̀ kò ju 3.7 lọ. Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ le. Ìyàtọ̀ tí ó wà ni pé níbẹ̀, a mọ iye náà.

Sọ́ọ̀mìlì ń kọ́? Òfin ilé iṣẹ́ ti 1955, àti èyí tí ó rọ́pò rẹ̀ ní 1987, pàṣẹ pé kí a fi ohun ìdènà bo ẹ̀rọ tí ó léwu, kí a sì fi ìjàǹbá tó àwọn aláṣẹ létí. Ẹ̀rọ CD tí ń la ìtì igi àti ayùn roboto tí ń gé etí pákó wọ abẹ́ òfin yìí. Ṣùgbọ́n òfin náà mọ ilé iṣẹ́ ní ibi tí ó ní ààlà. Ìka tí ayùn bá gé ní sọ́ọ̀mìlì ní òfin tí ó ń wò ó, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé aṣojú òfin kò dé ibẹ̀. Orí tí igi bá fọ́ nínú igbó tí ìtì igi náà ti wá, ìta ààlà ni ó wà.

Òfin tuntun àti igbó tíìkì

Òfin 1941 yí padà sí ti 1987. Lábẹ́ èyí, ẹni tí kò lè ṣiṣẹ́ mọ́ láéláé yóò gba owó iṣẹ́ oṣù 54 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹbí ẹni tí ó kú yóò sì gba ti oṣù 42. Nínú ìṣirò yìí, òkú kò wọ́n tó aláàbọ̀ ara. Agbanisíṣẹ́ fúnra rẹ̀ ni ó ń san owó náà, ìdí sì nìyí tí ọ̀pọ̀ fi ń sá fún un. Ní 1994, Nàìjíríà fọwọ́ sí Àdéhùn 155 ti ILO lórí ààbò àti ìlera òṣìṣẹ́.

Ìyípadà gidi dé ní 2010. Òfin ọdún náà kò fi owó gbà-má-bìínú sílẹ̀ lọ́wọ́ agbanisíṣẹ́ kọ̀ọ̀kan mọ́. Gbogbo agbanisíṣẹ́ yóò máa dá ó kéré tán ìdá 1 nínú 100 àpapọ̀ owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ wọn sínú àpò kan ṣoṣo tí àjọ NSITF ń bójú tó. Opó tí ó ní ọmọ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ẹ̀tọ́ sí ìdá 90 nínú 100 owó oṣù ọkọ rẹ̀ lóṣooṣù. Ohun tí ó ya ni lẹ́nu jù ni pé ìtumọ̀ òṣìṣẹ́ ṣí sílẹ̀ níkẹyìn: àdéhùn lè jẹ́ ti ẹnu, iṣẹ́ lè jẹ́ ti ojúmọ́, ọmọ iṣẹ́ wọlé, àwọn tí ń ṣiṣẹ́ ní ọjà tí kò sí lábẹ́ ilé iṣẹ́ ńlá náà wọlé. Lórí bébà, agégi Òkè Ọbà ti di òṣìṣẹ́.

Ní Òkè Ọbà, òkè ni igi wà. Tíìkì kì í ní ìdí gbàràmù-gbaramu bí ìrókò, bẹ́ẹ̀ ni kì í ga tó o, nítorí náà agégi a máa fojú kéré rẹ̀. Ṣùgbọ́n a gbìn ín sún mọ́ra, tí ó fi rọrùn fún igi tí a gé láti há sára ẹnìkejì rẹ̀. Òwe àtijọ́ tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Lórí ilẹ̀ tí ó dà gẹ̀rẹ́, ìtì igi a máa yí lọ sísàlẹ̀, ẹni tí ó dúró nísàlẹ̀ láti so okùn ni yóò sì kọ́kọ́ bá pàdé. Ewé tíìkì gbòòrò, ó sì ń wọ́ jọ sílẹ̀ lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, oká àti paramọ́lẹ̀ a sì máa sùn lábẹ́ irú ewé bẹ́ẹ̀. Bí igi bá ti délẹ̀ tán, ọwọ́ àti èjìká ni a sábà fi ń tì í sókè wọ ọkọ̀ lórí igi méjì tí a fi ṣe àtẹ̀gùn. Bí okùn bá já, ẹsẹ̀ ni ó ń wá. Lẹ́yìn náà ni àwọn òṣìṣẹ́ yóò gun orí ẹrù náà kí wọ́n lè bá ọkọ̀ padà sílé.

Òfin 2010 ní kí òṣìṣẹ́ tí ó fara pa, tàbí ẹni tí ó jogún rẹ̀, fi tó agbanisíṣẹ́ létí láàárín ọjọ́ 14, kí agbanisíṣẹ́ sì fi tó àjọ náà létí láàárín ọjọ́ 7. Ìjọba ìpínlẹ̀ ni ó ni igi. Oníṣòwò tí ó gba ìwé àṣẹ ni ó ni ìtì igi. Ẹlòmíràn ni ó ni ẹ̀rọ ayùn, ẹlòmíràn sì ni ó ni ọkọ̀. Ọkùnrin tí ó dùbúlẹ̀ nílé ẹni tí ń to eegun, tí a di itan rẹ̀ mọ́ ọparun, ní ọjọ́ 14 láti mọ èwo nínú wọn ni ọ̀gá òun, kí ó sì kọ̀wé sí i.